Ṣé "bomb" àti "pigeon" wà lára ọ̀rọ̀ tó ń fara wé ariwo?

MamaTemi: Ẹ kú ilé o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Wọ́n ní kí ọmọ mi kọ ọ̀rọ̀ òyìnbó mẹ́wàá tó jẹ́ onomatopoeia, èyí táwọn tíṣà Yorùbá ń pè ní ìfìrógbóyèyọ. Ó kọ buzz, hiss, splash, tick, mo ní ó dáa, àfi bó ṣe kọ bomb àti pigeon, mo ní kó pa á rẹ́ ló bá fajú ro. Ta ló jàre?

OmoOke: Ọmọ yín ló jàre mà 😂 Bombos làwọn Gíríìkì ń pe ariwo tó bá dún gbùùù, ibẹ̀ ló ti gba ọ̀dọ̀ àwọn ará Látìnì, Ítálì àti Faransé kó tó di bomb. Pigeon náà, pipio ni lédè Látìnì, ọmọ ẹyẹ tó ń ké pí-pí-pí, Faransé ló lọ́ ọ mọ́ ẹnu títí a ò fi gbọ́ pí-pí náà mọ́, bí owó ẹyọ tí wọ́n ti ná títí tí orí ọba ara ẹ̀ fi pa rẹ́.

Baba_Agba: Kó fi cuckoo kún un, ẹyẹ yẹn fẹnu ara ẹ̀ sọ ara ẹ̀ lórúkọ. Èyí tó tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín ni sneeze. Láyé àtijọ́, fnēosan ni wọ́n ń pè é, f àti n ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀! Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, imú yín á fẹ́ dá yín lóhùn. Ìgbà tó yá ni wọ́n sọ ọ́ di sn, ó wá lọ bá snore, snort àti sniff, gbogbo ohun tí imú ń ṣe.

Sade_Eko: Tiwa ò kúkú rí bẹ́ẹ̀, àwa á ní ó ṣubú gbì, ó já pàù, gbì yẹn ò lè dá dúró ṣe iṣẹ́ kankan, àmọ́ òyìnbó á mú bang á sọ ọ́ di nǹkan tí èèyàn ń ṣe. Àfi irú alùpùpù ṣá, ìyẹn di orúkọ. Síìpù ara ṣòkòtò wa pàápàá, ariwo ni, ilé iṣẹ́ Goodrich ní Amẹ́ríkà ló fi zipper sọ bàtà wọn tó ní síìpù lórúkọ ní 1923, nítorí bó ṣe ń lọ síìì téèyàn bá fà á.

MamaTemi: Háà, ó ti pa á rẹ́ o! Mo ti bẹ̀ ẹ́, ó ti kọ ọ́ padà. Pẹ̀lú cuckoo, sneeze àti zip ó di mẹ́sàn-án, ẹ fún wa ní ẹyọ kan sí i, ilẹ̀ ti ṣú.

OmoOke: Owl, mà. Ẹ ní kó pè é kó fà á gùn, á gbọ́ ọ.