Ọkàn mi ń sáré, ìwé ECG ní kò sí nǹkan

Ìyá Ìbejì, Kétu:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ka ìtàn àìsàn ọkàn tí àwọn tó ṣáájú mi kọ síbí. Ẹni tó ní àyà òun máa ń já, tí wọ́n sì ní ìrònú ni, tìẹ ló jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Akaba Ìdènà, ẹnu odi àtijọ́ ìlú wa. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, mò ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ ni nǹkan kan bá ta pọ́ún láyà mi, ọkàn mi sì ki eré mọ́lẹ̀. Ti ẹni tẹ́rù bà máa ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Eléyìí dé gbì ni. Ọrùn mi ń mì, bùbá ń fò láyà mi. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú ó dúró bó ṣe dé. Ìtọ̀ ló wá ń gbọ̀n mí léraléra.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi bá a yí. Ìyá ọkọ mi ní iṣẹ́ ayé ni. Mo mu àgbo, mo gbààwẹ̀. Ilé ìwòsàn kan ya ECG fún mi, ìyẹn àwòrán bí ọkàn ṣe ń lù, wọ́n ní ọkàn mi dára, kí n yéé ronú jù. Mo sunkún délé lọ́jọ́ náà. Ìwé ọ̀hún ò sì parọ́ o: ọkàn mi ti padà sí ìrìn rẹ̀ kí n tó débẹ̀. Bí ìṣẹ́jú àáyá 10 péré ni ECG fi ń wo ọkàn, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá.

Torí náà, ẹ jọ̀ọ́, tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má jókòó dìgbà tó máa lọ. Kí ẹnì kan gbé yín lọ síbi tí ECG wà, kí wọ́n ká a mọ́ orí eré.

Bí wọ́n ṣe ká tèmi mọ́ nìyẹn. Mo lọ ra aṣọ ní ọjà Wàńdó, ní Àjàṣẹ́, ló bá dé. Ọmọkùnrin tó ń ta bọ́tìnnì fún mi ló gbé mi lọ. Nígbà tí wọ́n so okùn mọ́ mi láyà, 190 lọkàn mi ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Ti ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, 60 sí 100 ni. Dókítà obìnrin kan, kò lè ju àbúrò mi lọ, mú síríńjì 10 mílílítà tí kò ní abẹ́rẹ́, ó ní, "Màámá, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ọ̀pá inú rẹ̀ á fi sún." Mo fẹ́ ẹ fún ìṣẹ́jú àáyá 15, ojú mi fẹ́ẹ̀ yọ. Lẹ́sẹ̀ kan náà wọ́n dá mi dùbúlẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi méjèèjì sókè. Ọkàn mi dákẹ́ díẹ̀, ó wá ń rìn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde lọ́dún 2015, fi hàn pé ọgbọ́n yìí ṣiṣẹ́ fún 43 nínú 100. Láìgbé ẹsẹ̀ sókè, 17 péré. Kí dókítà kọ́ yín kẹ́ ẹ tó dán an wò nílé o.

Ó yàwòrán fún mi sẹ́yìn káàdì. Iná kékeré kan ló ń ti òkè ọkàn bọ̀, òun ló ń sọ fún un pé kó lù. Ọ̀nà kan ló yẹ kó gbà láàárín ọkàn. Tèmi ní méjì. Iná á gba ọ̀kan lọ, á gba èkejì padà, á máa yí lójú kan bí òkòtó. Mo ní kó fún mi ní káàdì náà. Ìyá ọkọ mi ni mo mú un lọ fún.

Oògùn dín in kù, kò lé e lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Bordeaux ló ní kí n wá. Wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́ tó ń pa ara kú níbi tí itan ti pàdé ikùn, wọ́n ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ dé ọkàn. Mi ò sùn. Wọ́n wá mọ̀ọ́mọ̀ jí àrùn náà, kí wọ́n lè rí ọ̀nà tó ń gbà! Mo di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú, mò ń ki oríkì ara mi lábẹ́ ẹnu. Wọ́n fi orí okùn kan tó gbóná jó ọ̀nà kejì pa, ojú ibẹ̀ ò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Wọ́n tún gbìyànjú láti jí i, kò jí. Irú tèmi ń lọ pátápátá fún ohun tó ju 95 lọ nínú 100. Wọn ò fi ewu ibẹ̀ pa mọ́: fún nǹkan bí ẹnì kan nínú 100, ọ̀nà tó dáa lè jóná mọ́ ọn, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ tó ń mú ọkàn lù sí i láyà. Ọdún kejì rèé, kò padà wá.

Ọmọ Ṣábẹ̀:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu o. Tiwa yàtọ̀: ọkàn bàbá mi kì í sáré, ó ń falẹ̀ ni. Wọ́n ń ṣubú lóko iṣu, wọn ò ní í mọ̀ pé àwọn ṣubú. A rò pé wárápá ni. Kútọnu la ti mọ̀ pé 34 ló ń lù ní ìṣẹ́jú kan, iná tó ń ti òkè bọ̀ ò dé ìsàlẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tó ń mú ọkàn lù, tí kò tó páálí ìṣáná, ni wọ́n fẹ́ fi sábẹ́ awọ, lápá òsì àyà. Bàbá ní àwọn ò ní í gbé irin sára. Dókítà wá sọ ìtàn Arne Larsson fún wọn, ará Swídìn tó kọ́kọ́ gba irú rẹ̀ lọ́dún 1958. Ti àkọ́kọ́ ò lò ju wákàtí mélòó kan lọ. Ó lo èyí tó ju 20 lọ kó tó kú lọ́dún 2001, lẹ́ni ọdún 86. Bàbá bi í lẹ́ẹ̀mejì pé, "Ọdún mélòó lẹ pè é?" Wọ́n gbà.

Wọ́n ti padà sóko. Fóònù nìkan là ń bá wọn jà lé lórí: ó yẹ kó fi sẹ̀ǹtímítà 15 jìnnà sí ẹ̀rọ náà, àpò òsì ni Bàbá sì ń fi í sí látijọ́.

Ìyá Ìbejì, Kétu:

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ kó àwọn bùbá wọn fún ọlọ́kọ̀ tó bá ń bọ̀ ní Kétu, màá tú àpò òsì gbogbo rẹ̀, màá rán an sí ọ̀tún. Mi ò ní í gbowó.