Ẹ̀yin òbí, ẹ wá sọ bí ẹ ṣe ń kó ọmọ jáde tí ara yín náà fi ń le sí i. Tèmi rèé

Ìyá Mẹ́ta, Àkúrẹ́:

Ẹ kú ojúmọ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ èyí, iṣẹ́ ni ò jẹ́, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé tó kọjá yìí, mi ò lè dá nìkan gbé e mọ́ra.

Lẹ́yìn Kérésì tó kọjá, bàbá àwọn ọmọ ní ká kó wọn lọ sí Òkè Ìdànrè, láti Àkúrẹ́ níbí kò kúkú jìnnà. Mo se ìrẹsì sínú kúlà, mo ra bọ́ọ̀lì àti ẹ̀pà, inú mi ń dùn bíi ti àwọn ọmọ gan-an. Àfi ìgbà tí a dé ìdí àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn yẹn lé ní 600 o ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà lóòótọ́, àmọ́ mi ò tíì dé ti àkọ́kọ́ tí àyà mi ti ń lù kìkìkì, ojú mi ń ṣú, mo di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú mi ò lè lọ síwájú mi ò lè padà. Bàbá wọn ló rọra mú mi sọ̀ kalẹ̀, ó wá kó àwọn ọmọ gòkè.

Mo jókòó ti àwọn obìnrin tó ń ta omi nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ti rí ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè, àtijọ́, wọ́n ti rí ilé ẹjọ́ àtijọ́, wọ́n rí ojú ẹsẹ̀ kan lára òkúta tí wọ́n ń pè ní ti Agbóògùn, ẹni tó mú wọn yíká ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í gbà, ìbáà jẹ́ ti ọmọdé ìbáà jẹ́ ti àgbà. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún 5, wá wò mí, ó ní "Mọ́mì, ó gba ẹsẹ̀ tèmi, ó gba ti Dádì. Tiyín ńkọ́?" Mi ò rí èsì kankan fún un. Títí a fi délé, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Ní Mọ́ńdè mo lọ yẹ ara mi wò, BP mi, ìyẹn ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 152/96, ó ti ga jù. Dókítà kọ oògùn, nọ́ọ̀sì wá jókòó tì mí, ó ní Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán, kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, tí a bá pín in, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún ọjọ́ 5 ni. Mo ní mà, ìgbà wo? Mo ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní ọmọ mẹ́ta. Ó ní "Àwọn ọmọ yẹn, ṣé wọn kì í jáde ni? Tẹ̀lé wọn."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òkè-Àró ni à ń gbé, ẹsẹ̀ la wá ń fi rìn lọ sí Ọjà Ọba, èmi àti àkọ́bí mi, a kì í wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá mọ́ àfi tí ẹrù bá wúwo. Ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, èmi àti ọmọbìnrin mi á ṣe tẹ́ń-tẹ́ń. Ẹ má fojú kékeré wo tẹ́ń-tẹ́ń o, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, aṣọ mi á ti tutù fún òógùn. Àràárọ̀ Sátidé a máa lọ yí pápá ká, àbíkẹ́yìn mi ló ń bá mi ka iye ìgbà tí mo yí i, á ṣa òkúta wẹ́wẹ́ sọ́wọ́, tí mo bá ti yí i tán lẹ́ẹ̀kan á ju ọ̀kan sílẹ̀. Ní ti oúnjẹ, iyán ò kúrò nílé mi, mo kàn din òkèlè kù ni, mo sì din iyọ̀ kù.

Ohun tó dùn mí jù ni ẹnu àwọn aládùúgbò. Ẹnì kan bi ọmọ mi pé ṣé kò sówó kẹ̀kẹ́ mọ́ nílé yín ni. Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò ní parọ́.

Sátidé tó kọjá a padà sí Ìdànrè. A tètè jáde, kí oòrùn tó mú òkúta yẹn gbóná. Àwọn ọmọ ń ka àtẹ̀gùn sókè, wọ́n dé 300 ó lé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, ó dàrú mọ́ wọn lójú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sinmi. Mo dókè!! Atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́ sí mi lójú, mo kàn dúró. Àbíkẹ́yìn mi ti sáré ṣíwájú lọ síbi ojú ẹsẹ̀ yẹn, ó ní "Mọ́mì, ẹ bọ́ bàtà." Mo bọ́ bàtà, mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó gbà á.

BP mi báyìí jẹ́ 128/82, mo ṣì ń lo oògùn mi o, dókítà ò tíì ní kí n dáwọ́ dúró. Ẹ̀yin ńkọ́?

Bàbá Ìbejì, Oǹdó:

Ìyá wa, ẹ kú oríire. Omi bọ́ lójú mi níbi tí ọmọ ti ní kí ẹ bọ́ bàtà. Tèmi, ikùn ni mo fẹ́ kó lọ sílẹ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú agídí ni mo bá àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò sáré, iṣan ẹsẹ̀ mi fà, mo tiro fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó padà ṣiṣẹ́ fún mi ni bàísíkù tí mo ń kọ́ àwọn ìbejì. Ẹ di ìjókòó rẹ̀ mú lẹ́yìn kẹ́ ẹ máa sáré tẹ̀lé ọmọ, ẹ lọ ẹ bọ̀, ti Táyé tán ó kan ti Kẹ́hìndé. Bẹ́líìtì mi ti wọ ihò méjì sínú. Àmọ́ Táyé ti mọ̀ ọ́n gùn báyìí, kò fẹ́ kí n di òun mú mọ́, mo ṣì ń sáré tẹ̀lé e náà.

Ìyá Tuntun, Àkúrẹ́:

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ mi ò tíì pé ọdún kan, ṣé mo lè pọ̀n ọ́n gun òkè yẹn?

Ìyá Mẹ́ta, Àkúrẹ́:

Ọmọ mi, má tíì pọ̀n ọ́n gùn ún, àtẹ̀gùn yẹn ga, tí ẹsẹ̀ bá yẹ̀ ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń ṣubú. Pọ̀n ọ́n rìn ní àdúgbò ná, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti rọ̀. Tó o bá wà nítòsí Òkè-Àró, wá bá wa ní Sátidé, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la máa ń jáde.