Ọmọ mi ń lọ Bulgaria ní January, ṣé kó gba ọ̀nà Pleven lóru àbí kó sùn ní Sofia?

Ìyá Ìbejì Ṣágámù:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn. Ọmọ mi obìnrin ti wọ yunifásítì ìṣègùn tó wà ní Pleven, ìparí January ló ń lọ, ọkọ̀ òfurufú ẹ̀ á balẹ̀ sí Sofia ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹni tó bá wa ṣètò ní kó wọ táásí tààrà lọ Pleven lóru ọjọ́ yẹn. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá, mo gbọ́ pé òkè ló pọ̀ níbẹ̀ tí yìnyín sì máa ń bo ọ̀nà, ọmọ tó jẹ́ pé ọyẹ́ ilé níbí ló ti ń wọ súwẹ́tà sí. Kí ni kó ṣe, kí ni kó dì dání?

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́:
Mọ́mì ẹ fọkàn balẹ̀, bíi kìlómítà 170 ni, ọ̀nà márosẹ̀ Hemus ni wọ́n máa gbà, ọ̀nà tó dáa ni.

Dókítà Ọ̀la:
Ẹ̀gbọ́n ẹ má bínú, ìgbà ooru lẹ ń sọ yẹn. Mà, Pleven ni mo wà. Òkè Stara Planina ló dábùú Sofia àti Pleven, Hemus sì gbọ́dọ̀ gùn ún kọjá níbi tí wọ́n ń pè ní Vitinya. Ojú ọjọ́ lè mọ́ kedere ní Sofia kí yìnyín máa já bọ́ ní Vitinya kí kùrukùru sì ti bo Pleven pátápátá, lọ́jọ́ kan náà o. Yìnyín funfun tẹ́ ẹ fojú rí gan-an kọ́ ló burú jù, omi tó dì mọ́ ojú títì ni, poledica ni wọ́n ń pè é, ojú títì á kàn dúdú bíi pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, òru ló sì máa ń dì jù. Tí tírélà kan bá yọ̀ lórí òkè yẹn, gbogbo ọkọ̀ á tò sẹ́yìn ẹ̀ nínú òtútù.

Kó sùn ní Sofia, ẹ jọ̀ọ́. Metro, ìyẹn rélùwéè inú ìlú, wà ní Terminal 2 ní pápákọ̀ òfurufú, tó bá dé ibùdó Serdika kó pààrọ̀ sí èyí tó ń lọ ibùdó rélùwéè àgbà, ibùdó bọ́ọ̀sì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Lójú mọmọ kó wọ rélùwéè, ó ń gbà tó wákàtí mẹ́ta, ṣùgbọ́n kì í gun òkè, odò Iskar ló ń tọ̀ lọ, odò yẹn nìkan ló la Stara Planina já.

Awakọ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Òótọ́ lọmọ yẹn sọ, mo wakọ̀ níbẹ̀ rí kí n tó padà sílé. Tó bá wá di dandan kó wọ ọkọ̀, kó wo táyà kó tó wọlé: láti 15 November sí 1 March, òfin ní kí ọkọ̀ lo táyà òtútù tàbí kí eyín táyà jìn tó mìlímítà 4 ó kéré tán. Táyà tó dáa, wọ́n ya òkè àti yìnyín sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Kó wo ìkìlọ̀ ojú ọjọ́ náà, yẹ́lò, ọ́réǹjì, pupa. Tó bá ti pupa, kó jókòó síbi tó wà. Nọ́ńbà pàjáwìrì 112 ni.

Ìyá Ìbejì Ṣágámù:
Olúwa á bù kún yín. Aṣọ ńkọ́?

Dókítà Ọ̀la:
Mà, ẹ má kówó lé jákẹ́ẹ̀tì ńlá níbí, kó ra èyí tó nípọn níbẹ̀. Bàtà ni kẹ́ ẹ náwó sí, kí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ní eyín kó má fi máa yọ̀. Inú ilé máa ń móoru, torí náà aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lè wọ̀ léra kó sì máa bọ́ ọ níkọ̀ọ̀kan ló dáa jù. Fìlà, ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ kó wà nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe nínú ẹrù tó máa fún wọn. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni Pleven, kò sí ohun tó dí atẹ́gùn tó ń ti àríwá wá, òkè yẹn ló ń gba àwọn ará gúúsù sílẹ̀. Kó fi fóònù sápò inú, òtútù tètè máa ń mu bátìrì. Kó má sì rìn lábẹ́ etí òrùlé o, yìnyín gígùn tó so síbẹ̀ máa ń já lu èèyàn.

Ẹ sọ fún ẹni yẹn kó fagi lé táásí náà, kó gba yàrá sítòsí ibùdó rélùwéè. Tó bá ti wọ rélùwéè kó fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí mi níbí, a ó wá pàdé ẹ̀.