Ilẹ̀ kì í wó: lórí orúkọ tí a máa fún ilẹ̀ tó ń rì níbi ìwakùsà èédú

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́,

Ẹnì kan nínú àwa atúmọ̀ èdè ló ń túmọ̀ àpilẹ̀kọ nípa agbègbè Ruhr ní Jámánì, tó bi wá pé kí ni ká máa pe ilẹ̀ tó lọ sísàlẹ̀ nítorí èédú tí wọ́n wà kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ló ti wọlé: "ìwólẹ̀" àti "ìrì-ilẹ̀". Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọ̀kankan.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ná. Àwọn awakùsà á ha èédú kúrò, àwọn irin tó gbé àjà ihò dúró á sún síwájú, àjà tó kù lẹ́yìn á wó. Òkúta tó wà lókè rẹ̀ á tẹ̀, èyí tó wà lókè ìyẹn náà á tẹ̀, títí á fi dé ojú ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ á ti rì pẹrẹsẹ bí àwo, àwo ọ̀hún á sì fẹ̀ ju ihò tí wọ́n gbẹ́ lọ. Etí àwo yẹn ni ògiri ti máa ń sán jù, torí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń na. Àjà ló wó, ilẹ̀ ò wó. Nínú "wólẹ̀", ilẹ̀ ni ibi tí nǹkan wó sí: ilé wólẹ̀, ògiri wólẹ̀. Ẹni tó bá ka "ìwólẹ̀" á máa wá àlàpà kiri ni.

Gelsenkirchen, ní agbègbè Ruhr yẹn náà, ni mo ń gbé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ilé wa, ògiri sán, ojú sísán náà gùn tó apá mi. Bàbá onílé po POP díẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ lé e lórí bí ẹni di egbò, ó fi pẹ́ńsù kọ déètì sí i. Bí POP yẹn bá sán, a jẹ́ pé ilẹ̀ ò tíì fìdí kalẹ̀. Ilé wa ò wó o. Ilẹ̀kùn yàrá mi ni kì í dúró níbi tí mo bá ṣí i dé.

"Ìrì-ilẹ̀" sún mọ́ òótọ́, nítorí "rì" gan-an ni ọ̀rọ̀ náà. Ará Èkó tó kọ́lé sórí irà á sọ fún yín pé ilé òun ń rì. Àmọ́ ẹ kà á sókè bí oníròyìn rédíò: ìrì òwúrọ̀ lẹ máa gbọ́. Ká wá sọ pé "rírì ilẹ̀" ńkọ́? Ìyẹn di ti ẹni tó mọ rírì ilẹ̀. Bí a bá sá lọ bá "jìn", ìjìnlẹ̀ ti di ti ọ̀rọ̀ àti ọgbọ́n.

Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ yìí, "ì" tó ṣáájú "ìwólẹ̀" àti "ìrì-ilẹ̀", ló ń dà wá láàmú. Omíyalé ò lò ó. Odidi gbólóhùn ni: omi ya ilé. Mo dábàá "ilẹ̀-rì" fún èyí tó ń lọ díẹ̀díẹ̀, àti "ilẹ̀-jìn" fún èyí tó ṣẹlẹ̀ lójijì. Àwọn ará Jámánì pàápàá yà wọ́n sọ́tọ̀: Senkung ni ti àkọ́kọ́, Tagesbruch ni ti èkejì. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2000, ihò ńlá là ní Wattenscheid, ní Bochum, níbi tí wọ́n ti wa èédú láyé àtijọ́, ó sì gbé ilé ìgbọ́kọ̀sí mì. Ilẹ̀ jìn nìyẹn.

Ẹni tó bá ṣì ń gbèjà "ìwólẹ̀", kó bá mi túmọ̀ ti Duisburg, ìlú èbúté létí odò Rhine. Ìsàlẹ̀ odò Rhine ń jìn sí i, omi èbúté wọn sì ń fà. Láàárín ọdún 1950 sí 1970, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ wa èédú lábẹ́ èbúté náà kó lè lọ sísàlẹ̀, ó sì lọ tó nǹkan bíi mítà méjì. Ṣé a máa kọ ọ́ pé wọ́n wó èbúté? Wọ́n mú un rì ni.

Oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni ibi ìwakùsà èédú tó gbẹ̀yìn níbí kógbá wọlé, ní Bottrop. Àwọn àdúgbò tó ti rì sísàlẹ̀ ju odò lọ ṣì wà, ẹ̀rọ ló sì ń fa omi níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, torí bí ó bá dákẹ́, omi á bo ilé. Àwọn ará ibí ní orúkọ fún iṣẹ́ náà: Ewigkeitsaufgabe, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní ṣe tán láéláé. Ẹ jọ̀ọ́, kí la máa pe ìyẹn?