Ṣé ká tún Yorùbá wọn ṣe ká tó sọ ọ́ di ìwé?

Tíṣà Alẹ́, Kétu
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Mo ń kọ́ àwọn ìyá kan ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lálaalẹ́ níbí, mọ́kànlá ni wọ́n, aláta, onígàrí, aránṣọ méjì. Ìwé tí a ń kà tẹ́lẹ̀ ti sú wọn, ìwé ọmọdé ni, ajá sáré ológbò sáré, ìyá tó ti ní ọmọ-ọmọ ló jókòó tó ń ka ajá sáré! Mo bá ní kí kálukú kọ ìtàn ara rẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì dá, kó máa sọ ọ́ kí n máa bá a kọ. Mẹ́sàn-án ti wà nílẹ̀ báyìí, a fẹ́ sọ ọ́ di ìwé kékeré fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tí a jọ ń kọ́ wọn ní àfi ká tún Yorùbá ibẹ̀ ṣe pátápátá. Ìyá onígàrí kọ ọ́ pé nígbà tí òun ń lọ Ìlara, "dúwáànì" ní kí òun dúró. Ẹnìkejì mi yìí ní aṣọ́bodè ni ká kọ. Mo ka aṣọ́bodè sétí ìyá náà, ó wò mí, ó ní "ta nìyẹn?" Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ fi dúwáànì sílẹ̀ jàre. Ẹni tó máa kà á, dúwáànì lòun náà ń pè é.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ ni àmì ohùn. Lọ́dọ̀ wa, bàbá kan kọ ìtàn oko rẹ̀, èmi tí mo tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù ò fi àmì kankan sí i: "oko mi ti ku, mo gbe e lo ba alagbede ki o ba mi lu u". Obìnrin tó ń kà á dákẹ́, ó ní ẹ kú àráfẹ́rakù o. Ọkọ́ ni bàbá ń sọ! Látọjọ́ yẹn mi ò fi àmì ṣeré mọ́.

Lẹ́tà wo lẹ sì fi kọ́ wọn? Tó bá jẹ́ ɛ àti ɔ, tí wọ́n ti fọwọ́ sí nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa láti 1975, ẹ má lọ fi ẹ àti ọ tẹ ìwé, wọ́n á sọnù lójú ewé kìíní. Ṣùgbọ́n ẹ fi méjèèjì sí ẹ̀yìn ìwé o, torí Bíbélì tí wọ́n ń gbé lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ àti ọ ló wà níbẹ̀.

Akéwì
Ẹ̀yin gan-an lẹ ń ba Yorùbá jẹ́. Ìwé kì í ṣe ọjà.

Ìyá Ìbejì, Ṣábẹ̀
@Akéwì ẹ rọra o, ṣebí ọjà la ti ń sọ ọ́.

Tíṣà, ẹ má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ wọn, sípẹ́lì nìkan ni kẹ́ ẹ tún ṣe. Ibi tí ẹni tó ń sọ ọ́ bá ti mí, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti gé ìlà, ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé kì í rìn jìnnà:

Mo gbé àpò gàrí méjì
mo gba ọ̀nà Ìlara
dúwáànì ní kí n dúró.

Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ kálukú bóyá ó fẹ́ kí orúkọ òun wà níbẹ̀. Ẹnì kan lọ́dọ̀ wa kọ nípa orogún rẹ̀, ìtàn yẹn dùn kọjá ààlà, ìgbà tí a kà á sókè ni gbogbo kíláàsì mọ ẹni tó ń bá wí, orogún ọ̀hún sì ní àbúrò láàárín wa. A yọ ọ́ kúrò. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n Ìdálẹ̀
Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́ láyé. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn àgbà tó ń kọ́ ìwé kíkà ló ń kọ ohun tó wà nínú ìwé ìròyìn kan, Write First Time, láti 1975 títí dé 1985, ilé ìtẹ̀wé Gatehouse náà sì bẹ̀rẹ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Manchester ní 1977. Àwọn náà bá ara wọn fà á, ṣé ká tún èdè wọn ṣe àbí ká fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé. Kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ fún àwọn tí kò kọ ọ́ kà ná. Ibi tí wọ́n bá ti kọsẹ̀, ìwé ló ní ẹ̀bi, kì í ṣe àwọn.

Tíṣà Alẹ́, Kétu
Ẹ ṣé gan-an. Mo kà á fún wọn lánàá. Dúwáànì dúró. Aláta kan ní kí n yọ orúkọ ọkọ òun kúrò, kí n fi tòun sílẹ̀, kí n kọ ọ́ gàdàgbà. Fọtokópì 25 fráǹkì ni ojú kan, tákàdá mẹ́ta tí a tẹ̀ níwájú lẹ́yìn, tí a ṣẹ́ po, á fún wa ní ojú ewé méjìlá, 150 fráǹkì ni ìwé kan. Aránṣọ ní òun máa rán àárín rẹ̀, àmọ́ òwú dúdú lòun máa lò, funfun á dọ̀tí.