Tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá ń yọjú sí mọ́sálásí, kí ni ìgbìmọ̀ yóò kọ́kọ́ ṣe?

Akọ̀wé_Jàmáà: Àsàláàmù àlékùm. Ariwo ta pé mọ́sálásí kan ń bá agbésùnmọ̀mí rìn, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ bá wa dá sí i.

Abu_Maryam: Ìwé ni àkọ́kọ́. Ìwé ìforúkọsílẹ̀, orúkọ àwọn alábòójútó tó wà lórí oyè báyìí (kì í ṣe àwọn tó ti kú), àkọsílẹ̀ ìpàdé, ìwé owó. Ẹni méjì ni kó máa ka sàdákà Jímọ̀, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí iye rẹ̀ kó tó kúrò nílẹ̀, kó sì wọ báǹkì bó ṣe pé. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni kí wọ́n yọ owó ẹni tó tún gbohùngbohùn ṣe nínú àpótí láìsí rìsíìtì. Ohun tí wọ́n kà ò ní bá ti báǹkì mu mọ́.

Ìyá_Rọfíátù: Alfa, ìwé nìkan kọ́. Ta ló ń di gbohùngbohùn ọ̀hún mú? Ẹ wo Finsbury Park ní Lọ́ńdọ̀nù. Oníwàásù kan, Abu Hamza, àtàwọn tiẹ̀ já mọ́sálásí gbà mọ́ àwọn alábòójútó lọ́wọ́. Ọlọ́pàá ya wọ ibẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2003, wọ́n tì í pa, Abu Hamza bọ́ sí títì níwájú ilẹ̀kùn, ó ń wáàsí lọ. Ọdún 2005 làwọn alábòójútó tuntun tó gbà á.

Quadri_L: Kò sì tán síbẹ̀. Lọ́dún 2014 báǹkì mọ́sálásí náà ní òun ò bá wọn ṣe mọ́. World-Check, àkójọ orúkọ táwọn báǹkì ń yẹ̀ wò, ti kọ mọ́sálásí náà mọ́ ìpániláyà. Ọdún 2017 ni àwọn tó ni World-Check tó tọrọ àforíjì, wọ́n san £10,000 fún mọ́sálásí náà. Tí báǹkì bá ti àkáǹtì yín, ẹ má kàn sáré wá òmíràn. Kí agbẹjọ́rò kọ̀wé béèrè ohun tó fà á.

Akọ̀wé_Jàmáà: Ká máa kọ orúkọ àlejò lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́?

Abu_Maryam: Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Rọfíátù: Rárá o! Ẹni tó sáré wọlé kírun Alásárì, kí ló kan orúkọ rẹ̀? Ọjọ́ tí wọ́n bá kó ìwé yẹn lọ, gbogbo wọn di ẹni ìfura.

Abu_Maryam: Alhaja, ẹni tó ń sùn mọ́jú ni mò ń wí.

Ìyá_Rọfíátù: Ti ìyẹn, mo gbà.

Bàbá_Ìdírísì: Amí ńkọ́? Irvine, California, 2006: Craig Monteilh wọlé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀sìn, FBI, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ló ń sanwó fún un. Ó ní òun máa ń fi kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni gbàgbé. Nígbà tó ń sọ̀rọ̀ ìjà, jàmáà fẹjọ́ rẹ̀ sun FBI náà, wọ́n sì gba àṣẹ kóòtù pé kó má sún mọ́ wọn.

Quadri_L: Ó dára bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jáde lẹ́nu ẹ̀, àti ẹni tó gbọ́. Ẹ má kàn lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dànù. Tó bá dáràn níbòmíì, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé.

Tí ọlọ́pàá bá sì mú ìwé àṣẹ wá láti tú mọ́sálásí, ẹ ka àdírẹ́sì, ọjọ́ àtohun tí wọ́n ń wá. Kí ẹnì kan tẹ̀lé wọn láti yàrá dé yàrá, kó kọ gbogbo ohun tí wọ́n kó, títí kan nọ́ńbà ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ lórí fóònù; ìyẹn nìkan lè di ẹ̀sùn.

Rọ́ṣídà: Ṣé a lè ní kí wọ́n bọ́ bàtà?

Bàbá_Ìdírísì: Ẹ lè bẹ̀ wọ́n, ẹ má fi dènà. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ ká ẹní kúrò lójú ọ̀nà kí wọ́n kọjá.