Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sin adìyẹ àti pẹ́pẹ́yẹ pọ̀ rí, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ
Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin tèmi, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi. Adìyẹ mi àti pẹ́pẹ́yẹ mi, ọgbà kan náà ni wọ́n wà, omi kan náà ni wọ́n ń mu. Mo jí lọ́jọ́ kan, adìyẹ méjì ti kú, ogbe orí wọn ti dúdú, kó tó di ọjọ́ kẹta ilé adìyẹ ti pa lọ́lọ́. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ńkọ́? Wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ ní tiwọn! Àwọn kan tiẹ̀ ní mo ti ní láti fi májèlé sóúnjẹ adìyẹ ni, inú bí mi débi pé mi ò jẹun alẹ́. Ìgbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò ni wọ́n ní fúlù ẹyẹ ni, àti pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn pẹ́pẹ́yẹ mi yìí náà ló gbé e wọlé.

Dókítà ẹran ló là mí lójú. Pẹ́pẹ́yẹ ní jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní RIG-I, ọdẹ tó ń ṣọ́ inú sẹ́ẹ̀lì ni, tí fáírọ́ọ̀sì fúlù bá ti wọlé báyìí ó ti figbe ta, ara á sì tètè tú interferon jáde, ìyẹn ohun tó ń kìlọ̀ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù pé kí wọ́n múra ìjà. Adìyẹ ò ní in. Kì í ṣe pé tiẹ̀ bàjẹ́ o, kò sí níbẹ̀ rárá. Ọdún 2010 ni wọ́n fi èyí hàn, wọ́n mú RIG-I pẹ́pẹ́yẹ sínú sẹ́ẹ̀lì adìyẹ, fáírọ́ọ̀sì ò sì rí ààyè pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ọmọ Ọlọ́sìn
Ẹ kú àdánù mà. Àmọ́ ẹ má fọkàn tán pẹ́pẹ́yẹ jù o, tèmi kú. Ọrùn wọn lọ́, wọ́n ń yí bírí. Àwọn H5N1 kan (irú fúlù ẹyẹ kan ni) wà tí wọ́n ń pa pẹ́pẹ́yẹ náà, ọdẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́ àmọ́ olè ọ̀hún ti gbówọ́ jù ú lọ.

Bàbá Òròmọdìyẹ
Marek ni tèmi, àrùn fáírọ́ọ̀sì tó ń rọ adìyẹ lẹ́sẹ̀, tó sì ń fa jẹjẹrẹ sí wọn lára. Ẹ máa rí adìyẹ tó na ẹsẹ̀ kan síwájú, tó na ìkejì sẹ́yìn, mo rò pé ó fẹsẹ̀ kọ ni, mo tiẹ̀ di igi mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ (ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín). Irú adìyẹ méjì ni mo ní, ọjọ́ kan náà ni wọ́n jáde nínú ẹyin, irú kan ń ṣubú lọ, ìkejì kàn ń jẹ oúnjẹ tiẹ̀ ni. Wọ́n ní jíìnì tí wọ́n ń pè ní MHC ni, àwọn tó ń jẹ́ kí ara dá àrùn mọ̀, èyí tó bá ní irú B21 máa ń dúró gbọn-in níwájú Marek, B19 kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró. Àjẹsára ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣì ṣe pàtàkì o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé jẹjẹrẹ ló ń dènà, kì í ní kí fáírọ́ọ̀sì má wọlé.

Àbíkẹ́yìn
Mo fún tèmi ní àjẹsára Newcastle (àrùn fáírọ́ọ̀sì tó máa ń pa adìyẹ) pé pérépéré, Newcastle náà ló padà pa wọ́n. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹni tó tà á fún mi jà! Ìgbà tí wọ́n la òkú wọn ni wọ́n rí i pé Gumboro, àrùn fáírọ́ọ̀sì mìíràn, ti kọ́kọ́ ba bursa wọn jẹ́. Àpò kékeré kan ni, òkè ihò ìdí ló wà, ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe antibody (ohun tí ara fi ń bá àrùn jà) ti ń gbó, B cell ni wọ́n ń pe sẹ́ẹ̀lì náà, àní lẹ́tà B tó wà lórúkọ rẹ̀, ara bursa ló ti wá. Glick àti Chang ló kọ ọ́ síta lọ́dún 1956, wọn ò tiẹ̀ wá a, wọ́n kàn lo adìyẹ tí wọ́n ti yọ bursa rẹ̀, wọ́n wá rí i pé kò ṣe antibody. Àjẹsára tèmi náà ò rí ẹni gbà á lálejò.

Ọmọ Ọlọ́sìn
Ṣé wọn ò kúkú lè fi RIG-I yẹn sára adìyẹ ká sinmi ni?

Bàbá Òròmọdìyẹ
Ohun tó jọ ọ́ ni wọ́n ṣe ní Roslin Institute, ilé ìwádìí ẹran kan ní Scotland, 2023 ni wọ́n gbé e jáde. Wọ́n tún ANP32A ṣe, jíìnì tí fáírọ́ọ̀sì fúlù máa ń yá lò láti fi pọ̀ sí i. Wọ́n fi fáírọ́ọ̀sì kan mẹ́wàá nínú àwọn adìyẹ tí wọ́n tún jíìnì wọn ṣe, mẹ́sàn-án ò kó o. Wọ́n wá sọ ìwọ̀n ẹ̀ di ìlọ́po 1000, ìdajì wọn kó o, fáírọ́ọ̀sì náà ti yí padà, ó ti ń lo ANP32B àti ANP32E tí wọ́n jọ ANP32A. Olóríkunkun!

Àbíkẹ́yìn
Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, ṣé ẹ ṣì ń sin wọ́n báyìí?

Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ
Mo ṣì ń sin wọ́n, àmọ́ ọgbà wọn ti yàtọ̀, omi wọn ti yàtọ̀, bàtà tí mo bá wọ̀ dọ́dọ̀ pẹ́pẹ́yẹ ò gbọdọ̀ tẹ ilé adìyẹ.